Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Kọ Ìwé Àlàyé fún Kóòdù: Ohun tó Yẹ kí Àwọn Òbí àti Ọ̀dọ́ Wa ní Àríwá Èkìtì Mọ̀

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ìdó àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, kò ṣàjèjì mọ́ kí òbí jí lóru kí ó bá ọmọ rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà. Tí ó bá bi í pé kí ló ń ṣe títí di àsìkò yìí, ọmọ á ní kóòdù lòun ń kọ. Òbí á gbàdúrà pé kí Ọlọ́hun fi àǹfààní sí i, á sì padà lọ sùn. Àdúrà yẹn dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kí ó tẹ̀lé e, tí a kì í sábà bèèrè: bí ìwọ tí o kọ ọ́ kò bá sí nítòsí, ta ni yóò lè kà á?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn ọmọ wa ló ń kọ ètò tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi ń ṣírò owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́, èyí tí ilé ẹ̀kọ́ fi ń ṣe èsì ìdánwò, èyí tí ṣọ́ọ̀bù fi ń ka ọjà, àti èyí tí mọ́sáláásí fi ń gbé àkókò ìrun sára ògiri. Ọmọ tó kọ ọ́ lónìí lè rí iṣẹ́ sí Èkó lóṣù tó ń bọ̀, tàbí kí ó rí físà gbà lọ sí òkè òkun. Nígbà tí ètò náà bá ní ìṣòro, wọ́n á máa fi fóònù wá a kiri. Bí kò bá gbé e, gbogbo owó tí wọ́n ti ná ti fẹ́ wọgbó nìyẹn.

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà gbà ń dènà irú ìdààmú yìí: kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ka kóòdù, kí ó sì kọ ìwé àlàyé rẹ̀ jáde. A ó sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ibi tó dára dé, àti ibi tí a kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e.

Kí ni kóòdù, kí sì ni ìwé àlàyé?

Kóòdù ni àkójọ àwọn àṣẹ tí ènìyàn kọ fún kọ̀ǹpútà ní èdè tí ó yé e: kọ́kọ́ ṣe èyí, lẹ́yìn náà ṣe tọ̀hún, bí owó bá pé, gbà á wọlé, bí kò bá pé, dá a padà. Ètò kékeré lè má ju igba ìlà lọ. Ètò ńlá bíi ti báǹkì lè ju mílíọ̀nù kan ìlà lọ, kí ó pín sínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fáìlì, kí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti kàn án láti ọdún dé ọdún.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kíkọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Oníṣẹ́ iná fa wáyà gba inú ògiri, wọ́n rẹ́ ògiri, wọ́n kùn ún lọ́dà. Iná ń tàn, inú gbogbo ènìyàn ń dùn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, iná pálọ̀ kò tàn mọ́, oníṣẹ́ iná àkọ́kọ́ sì ti kó lọ sí Àbújá. Bí ó bá ti ya ọ̀nà tí wáyà gbà sórí ìwé, ẹni tó wá lẹ́yìn rẹ̀ á kàn tú ibi kan ṣoṣo. Bí kò bá yà á, àfi kí wọ́n máa fi òòlù gbẹ́ ògiri kiri. Wáyà inú ògiri ni kóòdù. Àwòrán orí ìwé ni ìwé àlàyé.

Ìwé àlàyé yìí pín sí méjì. Ọ̀kan wà fún ẹni tó fẹ́ lo ètò: tẹ ibí, tẹ ọ̀hún. Èkejì wà fún oníṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ ẹni tó máa ṣàtúnṣe sí i: ibí ni a ti ń gba owó wọlé, ibí ni a ti ń ṣírò rẹ̀, bí o bá yí èyí padà, tọ̀hún á bà jẹ́. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ kì í fi í kọ ọ́? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wọn kì í sanwó fún un. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni oníbàárà fẹ́ rí. Ìdí kejì ni pé ó máa ń sú ènìyàn. Ìdí kẹta ló le jù: kóòdù kì í dúró lójú kan. Bí a bá yí kóòdù padà ní ọjọ́ Ajé tí a kò sì fọwọ́ kan ìwé àlàyé, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìwé náà ti ń parọ́. Ẹni tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ á ṣọ́ra. Ẹni tí ó ní ìwé tó ń parọ́ á fi ìdánilójú ṣìnà.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1984, Donald Knuth, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, gbé àbá kan jáde. Ó ní kí a má kàn máa kọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà nìkan, kí a kọ ọ́ bí ẹni ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún ènìyàn bíi tiwa. Ó ṣe irinṣẹ́ kan tó pè ní WEB: inú fáìlì kan ṣoṣo ni kóòdù àti àlàyé wà, irinṣẹ́ náà á wá pín in sí méjì, á fa apá kan yọ fún kọ̀ǹpútà, á sì to apá kejì fún ìwé títẹ̀. Èrò náà jinlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó tẹ̀lé e kò pọ̀, nítorí pé ó ń béèrè àkókò.

Ohun tó gbé e wọ àárín ọjà ni èdè kóòdù tí wọ́n ń pè ní Java, tí ilé iṣẹ́ Sun Microsystems gbé jáde fún gbogbo ayé ní 1995. Wọ́n fi irinṣẹ́ kan sí i tó ń jẹ́ Javadoc. Òfin rẹ̀ kò le: kí ẹni tó ń kọ kóòdù fi àmì pàtó kan bẹ̀rẹ̀ àlàyé ṣókí lókè iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, Javadoc á sì kó gbogbo àlàyé wọ̀nyẹn jọ, á fi ṣe ojú ìwé tí ènìyàn lè ṣí lórí kọ̀ǹpútà. Nítorí pé àlàyé àti kóòdù wà lójú kan náà, ó rọrùn fún ẹni tó ń tún ọ̀kan ṣe láti rántí èkejì.

Ní 1997, Dimitri van Heesch, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ṣe Doxygen, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún C++ àti àwọn èdè kóòdù mìíràn. Ní 2008, Georg Brandl, ọmọ Jámánì, gbé Sphinx jáde, èyí tí àwọn tó ni èdè Python fi ń ṣe ìwé àlàyé tiwọn gan-an. Nígbà tó di 2011, irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Swagger dé. Òun ń ṣàpèjúwe ẹnu ọ̀nà tí ètò kan gbà ń ránṣẹ́ sí ètò mìíràn. Ní 2015 wọ́n fa òfin rẹ̀ lé àjọ Linux Foundation lọ́wọ́, ó sì di OpenAPI.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan nìyí. Ẹ wo Paystack, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní 2015, tí ilé iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà sì rà ní 2020. Ọmọ tó wà nínú yàrá rẹ̀ ní Ìkọ̀lé lè so ètò tirẹ̀ mọ́ ti Paystack kí ó máa gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, láì tíì fojú kan òṣìṣẹ́ wọn rí. Kí ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe? Wọ́n kọ àlàyé ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì: ohun tí o máa fi ránṣẹ́, ohun tí o máa gbà padà, àti ohun tó túmọ̀ sí bí ó bá kọ̀. Ìwé àlàyé ni òṣìṣẹ́ tí kì í sùn.

Bí irinṣẹ́ náà ṣe ń ṣe é

Ẹ jẹ́ ká fi ètò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ṣe àpẹẹrẹ. Nínú rẹ̀, iṣẹ́ kékeré kan wà tí ọmọ tó kọ ọ́ pè ní pin_ere. Irú iṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní function. Á gba odindi èrè ọdún náà, á gba iye tí ọmọ ẹgbẹ́ kan fi pamọ́, á sì dá ìpín ẹni náà padà.

Àkọ́kọ́, irinṣẹ́ á tú kóòdù palẹ̀ bí ìgbà tí olùkọ́ Yorùbá bá ń tú gbólóhùn: èyí ni olùwà, èyí ni ọ̀rọ̀-ìṣe, èyí ni àbọ̀. Ohun tí ó bá tú palẹ̀ á dà bí igi: ìdí igi ni odindi ètò, ẹ̀ka ni fáìlì, ewé ni àṣẹ kọ̀ọ̀kan.

Ìkejì, á gun igi náà láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, á máa kọ orúkọ ohun tí ó bá rí: iṣẹ́ kan wà níbí tó ń jẹ́ pin_ere, nǹkan méjì ló ń gbà, nǹkan kan ló ń dá padà.

Ìkẹta, á wo ẹni tó ń pe ẹni. Ta ló ń lo pin_ere? Ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé owó ọdún ń lò ó, ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ń lò ó. Nítorí náà, ẹni tó bá fọwọ́ kan án gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ibi méjì ló máa dé.

Ìkẹrin, á ṣa àlàyé tí ènìyàn ti kọ lókè iṣẹ́ náà, á gbé e sí ààyè rẹ̀.

Ìkarùn-ún, á to gbogbo rẹ̀ sí ojú ìwé, á so ojú ìwé kan mọ́ èkejì, á sì fi ibi tí a ti lè wá ọ̀rọ̀ sí i. Bí kóòdù bá yí padà lọ́la, àṣẹ kan ṣoṣo la máa tún pa, ìwé tuntun á sì jáde. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn tilẹ̀ ti ṣètò rẹ̀ débi pé gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fi kóòdù tuntun sílẹ̀ ni ìwé àlàyé ń tún ara rẹ̀ ṣe láìsí pé ẹnì kan rán an létí.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan: irinṣẹ́ yìí kò ronú. Ohun tó wà níbẹ̀ ló ń kó. Bí ọmọ náà kò bá kọ àlàyé kankan lókè pin_ere, ojú ìwé á jáde, ṣùgbọ́n egungun lásán ni yóò jẹ́. Bí ó bá sì pe iṣẹ́ náà ní x2 dípò pin_ere, ìwé náà á sọ fún wa pé nǹkan kan wà tó ń jẹ́ x2. Kò sí ẹni tí èyí ràn lọ́wọ́.

Nígbà tí ọgbọ́n àtọwọ́dá dé

Ibẹ̀ ni AI, tí à ń pè ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní 2021, GitHub fi Copilot han àwọn tó ń kọ kóòdù. Ní oṣù kọkànlá 2022, ChatGPT jáde fún gbogbo ènìyàn. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ti ka ọ̀rọ̀ àti kóòdù tó pọ̀ kọjá àfẹnusọ, wọ́n sì ti kọ́ bí ọ̀rọ̀ kan ṣe máa ń tẹ̀lé òmíràn. Bí a bá fi pin_ere hàn wọ́n láìsí àlàyé kankan, wọ́n lè wo ìṣírò inú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ yìí ń pín èrè fún ọmọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí owó tó fi pamọ́. Wọ́n tilẹ̀ lè gbìyànjú láti mọ ohun tí x2 wà fún.

Odindi ètò ńlá kì í sábà gba inú ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí èyí, ṣe ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ á kọ àlàyé ìlà kan tàbí méjì fún iṣẹ́ kékeré kọ̀ọ̀kan. Á kó àwọn àlàyé wọ̀nyẹn jọ láti fi kọ ti fáìlì. Á kó ti fáìlì jọ láti fi kọ ti apá kọ̀ọ̀kan. Ní ìparí, á kọ ti odindi ètò. Ó dà bí ìgbà tí olórí ilé bá jábọ̀ fún baálé, tí àwọn baálé jábọ̀ fún ìjòyè, tí ìjòyè sì jábọ̀ fún ọba. Ọba kò dé gbogbo ilé, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìròyìn gbogbo ìlú.

Gbogbo wa sì mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Bí baálé kan bá ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, àṣìṣe náà á dé ààfin. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Kóòdù ni àfojúbà. Ìwé tí AI kọ, ìròyìn ni.

Àpẹẹrẹ kan tó kan gbogbo wa: àkókò ìrun

Ẹ jẹ́ ká mú ètò tí kò ṣàjèjì sí ilé Mùsùlùmí, èyí tó ń ṣírò àkókò ìrun. Ẹ ká sọ pé ọmọ kan kọ ọ́ fún mọ́sáláásí kan ní Ìkọ̀lé, ó sì ti kúrò nílùú. Ààwẹ̀ ń bọ̀. Àwọn àgbà mọ́sáláásí ní àkókò tí ẹ̀rọ ń gbé jáde kò bá ojú sánmà mu. Kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí ìṣòro wà.

Wọ́n fún ọmọ mìíràn tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ní kóòdù náà, ó sì ní kí irinṣẹ́ kọ ìwé àlàyé rẹ̀ jáde. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó rí i kà pé ètò náà ń lo nǹkan mẹ́rin: ibi tí ìlú wà lórí máàpù, ọjọ́ òní, ìwọ̀n tí oòrùn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ kí Àsùbáà tó wọlé àti kí Ìṣáì tó wọlé, àti bí òjìji ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó fún Aláásárì. Ìwé náà tún fi hàn án pé ibi tí a kọ sínú kóòdù fún ìlú ni 6.5 ní àríwá àti 3.4 ní ìlà oòrùn.

Ibẹ̀ ni ojú ti là. Èkó nìyẹn! Ìkọ̀lé wà ní nǹkan bíi 7.8 ní àríwá àti 5.5 ní ìlà oòrùn. Ìwọ̀n kan sí ìlà oòrùn jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin, nítorí pé wákàtí mẹ́rìnlélógún ni ayé fi ń yí ìwọ̀n 360. Ìwọ̀n méjì àti díẹ̀ tó wà láàárín Èkó àti Ìkọ̀lé jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ó lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ lé tàbí dín gẹ́gẹ́ bí àkókò ọdún bá ṣe rí. Oòrùn ń tètè yọ ní Ìkọ̀lé ju Èkó lọ, ó sì ń tètè wọ̀. Ẹni tó bá ń fi àkókò Èkó jẹ sààrì ní Ìkọ̀lé lè ṣì máa jẹun nígbà tí àfẹ̀mọ́júmọ́ ti wọlé fún un. Nọ́ńbà méjì péré nínú kóòdù ló fà á, a kò bá sì má mọ̀ ọ́n bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan rí i kà.

Títí dé ibí yìí, irinṣẹ́ ṣe gudugudu méje. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí agbára rẹ̀ pin sí. Ìwé náà sọ pé ìwọ̀n 18 ni a lò fún Àsùbáà, 17 fún Ìṣáì. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Òun ni àjọ Muslim World League ń lò. Àwọn aláṣẹ Íjíbítì ń lo 19.5 àti 17.5. Àjọ ISNA ti Àríwá Amẹ́ríkà ń lo 15 fún méjèèjì. Ní Mẹ́kà, ìlànà Umm al-Qura ń lo 18.5 fún Àsùbáà, ó sì ń fi àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú kún Màgàríbì kí Ìṣáì tó wọlé. Láàárín ìwọ̀n 15 àti 18 nìkan, ó tó ìṣẹ́jú méjìlá ní ilẹ̀ wa. Bákan náà ni Aláásárì: lójú àwọn onímazhab Màlíkì, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Yorùbá ń tẹ̀lé, àti Ṣáfíì àti Háńbálì, ìgbà tí òjìji tó gígùn ohun fúnra rẹ̀ ló wọlé, lójú àwọn Hánáfì, ó di ìlọ́po méjì.

Kí ló dé tí ọmọ tó kọ ètò náà fi mú 18 tí kò mú 19.5? Ṣé ìmáàmù mọ́sáláásí ló sọ fún un? Ṣé àwọn àgbà ló fohùn ṣọ̀kan lé e? Àbí ṣe ló kàn wò ó lára iṣẹ́ ẹlòmíràn? Ìdáhùn yìí kò sí nínú kóòdù rárá, nítorí náà kò sí irinṣẹ́ tó lè fà á yọ. Bí a bá bi AI, ó lè fún wa ní ìdáhùn tó dùn gbọ́ létí, kí ó ní nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà ń lò ó ni. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ló hun ún. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu AI, ṣùgbọ́n kò sí níbi ìpàdé mọ́sáláásí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìpinnu.

Ìlà kan ṣoṣo tí ọmọ náà ì bá ti kọ sókè iṣẹ́ náà ló kù: "Ìmáàmù àti àwọn àgbà mọ́sáláásí ló yan ìwọ̀n 18 àti 17; ẹ má yí i padà láì bi wọ́n." Ìlà yìí ni Javadoc tàbí Sphinx á kó sínú ìwé, tí yóò sì wà níbẹ̀ títí. Ohun tí kóòdù ń ṣe, ẹ̀rọ lè kọ ọ́. Ìdí tí a fi ṣe é bẹ́ẹ̀, ènìyàn ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí a ṣe ń ṣe é dáadáa lè wo Adhan, àkójọ kóòdù tó ń ṣírò àkókò ìrun, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí GitHub. Wọ́n to ìlànà kọ̀ọ̀kan àti ìwọ̀n rẹ̀ sínú àlàyé, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò tíì kọ kóòdù rí lè rí ohun tí wọ́n lò kà.

Ewu tó yẹ ká ṣọ́ra fún

Ewu kìn-ín-ní ni èyí tí a ti sọ: AI lè fi ìdánilójú sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni kí a dán ìwé wò bí a ṣe ń dán kóòdù wò. Nínú Python, irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ doctest. Bí ìwé àlàyé bá ní bí èrè bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, tí ẹnì kan sì ní ìdá mẹ́rin owó àpapọ̀, ìpín rẹ̀ á jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, doctest á ṣe ìṣírò náà gan-an. Bí ìdáhùn kò bá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, á pariwo. Ìwé tí a lè dán wò kì í tètè parọ́.

Ewu kejì ni àṣírí. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn máa ń kọ ọ̀rọ̀ aṣínà báǹkì tàbí nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sínú kóòdù. Bí wọ́n bá kó odindi kóòdù náà fún AI tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti gbé àṣírí ẹlòmíràn jáde nílé. Ẹ ro ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn, irú èyí tí ilé ìwòsàn ńlá bíi Federal Teaching Hospital ní Ìdó lè nílò. Àìsàn ènìyàn kì í ṣe ohun tí a ń gbé kiri. Láti 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì rú u lè jẹjọ́. Kí a yọ àṣírí kúrò nínú kóòdù kí a tó gbé e fún ẹ̀rọ èyíkéyìí.

Ewu kẹta jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tó ní kí AI kọ kóòdù, tó tún ní kí AI kọ àlàyé kóòdù náà, tí kò sì ka ọ̀kankan nínú méjèèjì, kò tíì kọ́ iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi í léèrè níwájú àwọn olùkọ́, ẹnu á wúwo.

Ohun tó kan àwọn ọmọ wa níbí

Láti 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì, tí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé, ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti pọ̀ lágbègbè wa. Àwọn kan jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀, àwọn mìíràn wá láti ọ̀nà jíjìn. Lọ́dọọdún ni àwọn tó wà ní kíláàsì ìkẹyìn ń kọ ètò fún iṣẹ́ àṣekágbá. Bí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bá ní ìwé àlàyé tó ṣeé tẹ̀lé, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé owó kọ́ ni yóò dí wọn lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni Javadoc, Doxygen àti Sphinx. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, wọn kì í jẹ dátà, wọ́n ń ṣiṣẹ́ bí kò tilẹ̀ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Níbi tí iná àti dátà ti jẹ́ ìṣòro, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Bí bátìrì láptọ́ọ̀pù bá ṣì ní agbára díẹ̀, ìwé àlàyé lè jáde.

Àwọn ohun tí a rọ àwọn ọ̀dọ́ láti máa ṣe nìyí:

1. Ẹ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú kóòdù ní orúkọ tó sọ ohun tó ń ṣe.
2. Ẹ kọ ìlà kan tàbí méjì sókè rẹ̀ tó sọ ìdí tí ẹ fi ṣe é bẹ́ẹ̀, àti ẹni tó pàṣẹ rẹ̀.
3. Ẹ jẹ́ kí irinṣẹ́ kó ìyókù jọ, kí ẹ sì tún un ṣe ní gbogbo ìgbà tí kóòdù bá yí padà.
4. Bí ẹ bá lo AI, ẹ ka ohun tó kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kóòdù, kí ẹ tó fọwọ́ sí i.
5. Ẹ yọ àṣírí àwọn ènìyàn kúrò nínú kóòdù.

Fún ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀yin olùdarí ilé ẹ̀kọ́ àti ìgbìmọ̀ mọ́sáláásí: bí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún ọmọ kan pé kí ó kọ ètò fún yín, ẹ fi ìwé àlàyé kún àdéhùn láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí ẹ sì fi owó rẹ̀ kún owó iṣẹ́. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ lé yín lọ́wọ́, ẹ pe ọmọ mìíràn tí kò bá wọn dá sí i. Ẹ fún un ní ìwé náà, kí ẹ ní kí ó yí nǹkan kékeré kan padà nínú ètò. Bí ó bá ṣe é láì pe ẹni tó kọ ọ́, ẹ gbà á, ẹ san owó tó kù. Bí kò bá ṣe é, iṣẹ́ kò tíì parí.

A kò ní kí àwọn ọmọ wa má rìnrìn àjò. Ọ̀nà jíjìn á máa pè wọ́n, oúnjẹ òòjọ́ wọn sì lè wà níbẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé bí wọ́n bá ń lọ, kí wọ́n má gbé kọ́kọ́rọ́ ilé lọ sápò. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ wọn ṣe ìlú láǹfààní, nígbà tí wọ́n bá wà nílé àti nígbà tí wọn kò bá sí. Àmín.